Bí Àgbà bá Ṣubú, a Wo Ẹ̀yìn

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú láti mọ̀ bí ẹnìkan ń bọ̀ tí yóò gbé e dìde, tí yóò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àgbà ń wo ẹ̀yìn láti rí ohun tí ó gbé e ṣubú, ìbáà ṣe kùkùté, ìbáà ṣe òkúta, kí ó má bàa tún kọlù ú ní ọ̀la, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má sì ṣubú níbẹ̀. Òwe kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó tó àgbẹ̀ lò fún ọdún kan gbáko wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìkórè, nígbà tí a bá kó iṣu àti àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, àti adìẹ pàápàá wá sí ilé Ọlọ́run, agbọ̀n ńlá a wà níbẹ̀, agbọ̀n kékeré a sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí agbọ̀n rẹ̀ kún kò ní ìṣòro láti kọrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀dá pa àgbàdo rẹ̀, tí kòkó rẹ̀ dúdú lórí igi, tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ kí ó máa roko, kí ni yóò fi ṣe ọpẹ́? Bí ó bá bá àwọn yòókù kọrin, ṣé òtítọ́ ni ó ń kọ? Bí kò bá sì kọ ọ́, ṣé aláìmoore ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tìtorí àdánù ọdún kan ṣoṣo fi oko sílẹ̀. Òmíràn tìtorí rẹ̀ bá aya àti aládùúgbò jà. Òmíràn sì wọ gbèsè tí àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó san án tán.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọpẹ́ kì í ṣe. Ọpẹ́ kì í ṣe pípe ohun kíkorò ní dídùn. Ewúro kò di oyin nítorí pé ẹnìkan kọrin sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó mọ ọbẹ̀ í sè a fọ ewúro lẹ́ẹ̀kan, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, a sì fi í se ọbẹ̀ tí gbogbo ilé yóò jẹ ní àjẹyó. Kò sọ pé ewúro kò korò. Ó mọ bí a ti ń ṣe é ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpẹ́ àgbẹ̀ rí. Ó ń wo àdánù náà lójú, ó sì ń bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ó fà á? Kí ni ó ṣẹ́kù? Ta ni ó ràn mí lọ́wọ́? Ẹni tí ó bá ń bèèrè bẹ́ẹ̀ ní òpin àkókò kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ ẹni kan náà ní ọdún tí ń bọ̀.

ÒJÒ ÀKỌ́RỌ̀

Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún. Àgbẹ̀ tí ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀ gbọ́ àrá lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ dùn. Ní ọjọ́ kejì ó kó gbogbo irúgbìn àgbàdo rẹ̀ lọ sóko, ó sì gbìn ín tán kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn náà òjò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí ó hù rọ, èyí tí kò hù di oúnjẹ àparò, kò sì sí irúgbìn nínú àká mọ́. Ó bú òjò, ṣùgbọ́n òjò kò bá a dá májẹ̀mú kankan.

Bí ó bá wo ẹ̀yìn, yóò rí kùkùté tí ó gbé e ṣubú. Kì í ṣe òjò ni, ìkánjú ni. Òjò kan ṣoṣo a máa rin òkè ilẹ̀, inú ilẹ̀ a sì wà ní gbígbẹ síbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbìn, kí ó kọ́kọ́ fi àdá tàbí ọkọ́ gbẹ́ ihò wò. Bí ọ̀rinrin kò bá jìnnà tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, kí ó mú sùúrù. Kí ó sì pín oko rẹ̀ sí mẹ́ta, kí ó gbin apá kan lónìí, apá kejì lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, àti apá kẹta lẹ́yìn èyí; bí ọ̀dá bá pa ọ̀kan, kì yóò pa gbogbo rẹ̀. Kí ó má ṣe gbàgbé àṣà àwọn ìyá àgbà, tí wọ́n ń ṣa orí àgbàdo tí ó dára jù lọ, tí wọ́n sì ń so ó rọ̀ sí òkè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a óò tún nílò rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́kù fún un pọ̀ ju bí ó ti rò lọ. Ní ọ̀nà òkè Hausa lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ni òjò ń ní àkókò lọ́dún. Ẹni tí ó bá pàdánù rẹ̀ yóò dúró di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù, òjò a dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò a sì tún bẹ̀rẹ̀, tí àgbẹ̀ yóò tún rí àyè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún fúnra rẹ̀ ń fún ẹni tí ó ṣubú ní ọwọ́ láti dìde. Sùúrù tí ènìyàn bá sì kọ́ lára ilẹ̀ gbígbẹ yóò wúlò fún un nílé pẹ̀lú, níwájú ọmọ tí kò tètè mọ̀wé, àti níwájú ọ̀rẹ́ tí kò tètè san owó tí ó yá.

ÒJÒ ŃLÁ ÀTI KÒKÓ DÚDÚ

Nígbà tí ó bá di oṣù kẹfà àti ìkeje, òjò a máa rọ̀ láìdáwọ́ dúró, ìgbà náà ni èso kòkó sì ń dúdú lórí igi. Àmì kékeré kan ni yóò kọ́kọ́ hàn lára èso; láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti dúdú, hóró inú rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Ó rọrùn fún ẹni tí ó pàdánù láti sọ pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun abẹ̀mí kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa àrùn náà. Inú ilẹ̀ àti ara èso tí ó ti bàjẹ́ ni ó ń gbé, òjò ni ó sì ń ta á kálẹ̀ sí ara èso tí ó dára. Nítorí náà, èso dúdú tí a fi sílẹ̀ lórí igi ní ọ̀sẹ̀ yìí ni yóò ba tí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ jẹ́. Kí àgbẹ̀ máa yí oko ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa já èso tí ó ti ràn kúrò nínú oko, kí ó ro ìdí igi, kí ó gé ẹ̀ka tí kò wúlò kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá, kí ó má sì jẹ́ kí èso tí ó pọ́n pẹ́ lórí igi.

Oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe tún wà, èyí tí wọ́n ń fín sí kòkó. Ìtàn bí a ti rí oògùn náà yẹ ní gbígbọ́, nítorí láti inú àdánù méjì ni ó ti jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1878, àrùn kan láti Amẹ́ríkà dé sí oko àjàrà ilẹ̀ Fáransé, ewé igi sì ń gbẹ, ó ń rẹ̀ dànù. Ní agbègbè Médoc, lẹ́bàá ìlú Bordeaux, ìyọnu mìíràn tún wà: àwọn èrò ọ̀nà a máa jí èso àjàrà tí ó wà létí ọ̀nà ká. Àwọn olóko bá po iyọ̀ bàbà, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí aró, mọ́ ẹfun àti omi, wọ́n sì wọ́n ọn sára igi tí ó wà létí ọ̀nà, kí olè lè rò pé májèlé ni, kí ó sì bẹ̀rù. Ní 1882, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Bordeaux, Pierre-Marie-Alexis Millardet, ń rìn kọjá, ó sì ṣàkíyèsí pé igi etí ọ̀nà wọ̀nyí ní ewé tútù, nígbà tí ewé àwọn tí ó wà ní àárín oko ti rẹ̀ tán. Kò kọjá lọ lásán. Ó bèèrè, ó dán an wò, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1885. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé bàbà lè dá irú àrùn bẹ́ẹ̀ dúró, tí ìmọ̀ náà sì dé oko kòkó nígbà tí ó yá.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí olóko dúpẹ́ lọ́wọ́ olè. Ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ ènìyàn ni ó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, ẹnìkan ṣoṣo ni ó dúró láti bèèrè pé, Kí ni ó dé tí èyí kò kú? Ìyẹn ni ìbéèrè kejì, ohun tí ó ṣẹ́kù. Nínú oko tí ó bàjẹ́, kí ènìyàn wá igi tí kò bàjẹ́ lọ, kí ó sì bi í léèrè ìdí. Ẹni tí ó bá sì ń fín oògùn, kí ó bo imú àti ara rẹ̀, kí ó wẹ̀ tí ó bá ṣe tán, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agolo oògùn pọn omi láé.

IGI TÍ A GÉ

Àdánù kan wà tí ó ju èyí lọ. Ní 1936, àwọn onímọ̀ mọ àrùn kan ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, tí ó ń mú kí ọ̀mùnú kòkó wú. Ní 1944 a rí i ní agbègbè Ìbàdàn pẹ̀lú. Kòkòrò kékeré tí ara rẹ̀ funfun ni ó ń gbé e láti igi dé igi. Kò sí oògùn tí ń wò ó; gígé ni wọ́n ń gé igi tí ó bá ràn, àti àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀. Igi tí baba gbìn, tí ọmọ fi lọ sílé ìwé, tí a fi kọ́ ilé, ni a gé lulẹ̀ lójú olóko.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kí ó sọ fún un pé kí ó dúpẹ́. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀, ìkíni ni ó yẹ ẹ, kì í ṣe ìwàásù. Ìgbà ẹkún wà, ọpẹ́ kì í sì í dé lójijì. Nígbà tí ó bá dé, ó lè kéré bí hóró ọkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, àwọn tí wọ́n wo ẹ̀yìn rí ohun méjì. Èkíní ni pé, ẹni tí ó ní obì, ọ̀pẹ, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú kòkó rẹ̀ kò sùn ní ebi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sára igi kan ṣoṣo ni ó jìyà jù lọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni owó kòkó ti kọ́ni ṣáájú, nígbà tí ó ga ní 1920 tí ó sì wó lulẹ̀ ní 1921, àti nígbà tí ó tún wó ní 1930. Èkejì ni pé, àrùn náà mú kí àwọn ènìyàn ṣe ìwádìí. Ní 1944 kan náà ni a dá ilé ìwádìí kòkó fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Tafo ní Gánà. Ní 1964 Nàìjíríà dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n wá irú kòkó láti agbègbè odò Amazon, tí ó ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ, irú rẹ̀ sì wà ní ọ̀pọ̀ oko títí di òní. Àwọn ọmọ ọmọ ẹni tí ó sunkún ń ká èso rẹ̀. Èyí kò sọ ẹkún baba wọn di asán, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò wà láìléso.

Ẹ̀GẸ́ ÀTI ARANṢẸ́ RẸ̀

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gẹ́ fi ìtumọ̀ wíwo ẹ̀yìn hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀gẹ́. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá sí Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní 1973 a rí kòkòrò tuntun kan lára rẹ̀ ní Kóńgò, tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun lé e lórí. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, ọ̀mùnú ń ká kò, ewé ń rẹ̀, iṣu ẹ̀gẹ́ kò sì tóbi mọ́. Láìpẹ́ ó dé Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ẹ̀rù sì ba àwọn tí gàrí jẹ́ oúnjẹ wọn.

Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tí a ń pè ní IITA wà ní Ìbàdàn láti 1967. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Hans Rudolf Herren, ni ó ṣáájú àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò níbẹ̀. Wọn kò bèèrè ibi tí kòkòrò náà ń lọ nìkan. Wọ́n bèèrè ibi tí ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé láti ilé ẹ̀gẹ́ ni ó ti wá, kí ni ó dé tí kò fi pa ẹ̀gẹ́ run níbẹ̀? Ní 1981 a rí kòkòrò náà ní Paraguay, a sì rí ọ̀tá rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: agbọ́n kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, tí ń yé ẹyin rẹ̀ sínú kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní London, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ sí oko ẹ̀gẹ́ ní 1981 kan náà. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀gẹ́ sì yè. Ní 1995 a fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ yìí.

Àìmọye ènìyàn ni ó jẹ gàrí láàárọ̀ òní tí kò mọ̀ pé agbọ́n kékeré kan wà láyé. Irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóko. Ekòló ń tú ilẹ̀ láìgba owó. Kòkòrò tín-ín-tín kan tí ń fò, tí ó ń bí nínú ewé jíjẹrà àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rà, ni ó ń mú kí òdòdó kòkó di èso. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń da oògùn apakòkòrò sí gbogbo ibi láìwádìí ń pa alágbàṣe rẹ̀ mọ́ ọ̀tá rẹ̀. Mímọ ẹni tí ó ń ranni lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ni ìbéèrè kẹta.

IṢU TÍ ỌKỌ́ BÙ

Nígbà tí iṣu bá tó wà, kò sí bí ọwọ́ ti lè mọ́ tó, ọkọ́ yóò bu òmíràn. Iṣu tí ó ní ọgbẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni, nítorí ojú ọgbẹ́ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá kó o mọ́ èyí tí ó dára yóò pàdánù méjèèjì. Ẹni tí ó bá jù ú nù ti fi iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ti rí ọ̀nà kẹta láti ìgbà láéláé. Wọ́n a gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, wọ́n a bó èyí tí ó kù, wọ́n a rẹ́ ẹ, wọ́n a bọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n a fi í sínú omi náà mọ́jú, wọ́n a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi le bí igi. Èyí ni gbodo. Nígbà tí a bá gún un tàbí tí a lọ̀ ọ́, tí a sì kù ú, ó di èlùbọ́ tí a ń fi ro àmàlà, ó sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù bí a bá pa á mọ́ kúrò níbi ọ̀rinrin.

Ọyẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń kùn sí ni ó ń ṣe ìrànwọ́ ńlá nínú iṣẹ́ yìí. Atẹ́gùn gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, tí ń la ètè, tí ń bo ilé ní eruku, òun náà ni ó ń gbẹ gbodo kí ó má bàa bu, tí ó sì ń gbẹ hóró kòkó. Kí ènìyàn gba ohun tí ọyẹ́ ní í fúnni, kí ó sì ṣọ́ra fún ibi rẹ̀: kí ó máa fi òrí pa ara, kí ó máa mu omi dáradára, kí ó bo oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ eruku, kí ó ro etí oko yíká kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé. Ẹni tí ó bá wú ikọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, kí ó má ṣe dá ọyẹ́ lẹ́bi mọ́. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

OMI ỌDÚN TÍ Ó KỌJÁ

Àwọn àgbàlagbà kò gbàgbé sòbìà. Àrùn yìí a máa dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ gan-an. Aran gígùn a yọ ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ a wú, ọkọ́ a sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí a dá mọ́ ara olúkúlùkù ni, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ìdí rẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ̀ ni èyí: omi tí ènìyàn mu lónìí kò ní fi aran náà hàn títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún kan. Ta ni yóò rántí adágún tí ó ti mu omi ní ọdún tí ó kọjá?

Àwọn tí ó wo ẹ̀yìn ni ó rí i. Ẹni tí aran ń yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú adágún, aran tú ọmọ sínú omi, kòkòrò omi tín-ín-tín gbé wọn mì, ẹlòmíràn sì pọn omi náà mu. Nítorí náà, bí a bá sẹ́ omi pẹ̀lú aṣọ tí ojú rẹ̀ há, tí ẹni tí ó ní egbò kò sì wọ inú omi, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà. Ní Ìdèrè ní agbègbè Ìbàràpá, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ará ìlú jọ ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń rán asẹ́ fún omi mímu. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí sòbìà ń dà láàmú ní gbogbo Nàìjíríà, ní 1988 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tí ó lé e lọ. Asẹ́, kànga, ìkìlọ̀ àti ìrántí ni.

Ọ̀pọ̀ egbò inú ilé rí bẹ́ẹ̀. Ìjà ti òní, omi ọdún tí ó kọjá ni. Ọ̀rọ̀ líle tí a sọ nígbà tí àgbàdo kú ni ó ń yọ nígbà tí iṣu ta. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn dé ibi tí omi ti bàjẹ́ yóò mọ ẹni tí ó yẹ kí òun bẹ̀, yóò sì mọ ohun tí ó yẹ kí òun máa sẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu.

Ọ̀WẸ̀ ÀTI ÀÁRÓ

Nígbà tí àìsàn bá mú àgbẹ̀ ní àkókò ìroko, koríko kì í dúró dè é. Ohun tí ó máa ń ṣòro jù fún ọkùnrin tí ó lágbára ni láti ránṣẹ́ pé kí a wá ran òun lọ́wọ́. Ojú a máa tì í. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Àáró wà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ń yí oko ara wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wẹ̀ sì wà, níbi tí ènìyàn ń pe ará àti ọ̀rẹ́, tí wọ́n ń wá pẹ̀lú ọkọ́ wọn, tí ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ. Ẹni tí kò tí ì ṣe aláìní rí a máa rò pé agbára òun ni ó ń bọ́ òun. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ tí ó sì gbọ́ ìró ọkọ́ àwọn ẹlòmíràn nínú oko rẹ̀ kò ní rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní pẹ́ kí ó tó gbé ọkọ́ tirẹ̀ bí a bá pè é. Yóò tún rí àwọn tí kò rí tẹ́lẹ̀: aya tí ń jí lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ tí ń ṣọ́ àgbàdo lọ́wọ́ ẹyẹ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ KÍKỌ SÍLẸ̀

Ìrántí a máa sá lọ bí èéfín, nítorí náà ó dára kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ lo àyè òfìfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àlùmánáákì rẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọjọ́ tí ó gbin nǹkan, àti ọjọ́ tí èso dúdú kọ́kọ́ hàn. Nígbà tí nǹkan kan bá bàjẹ́, kí ó kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà ní kúkúrú: ohun tí ó fà á, ohun tí ó ṣẹ́kù, àti orúkọ ẹni tí ó ranni lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà kọ ọ́. Ọmọ tí ó bá ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún baba rẹ̀ yóò mọ oko àti baba rẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí ọdún bá yí, kí ó ka ohun tí ó kọ kí ó tó mú irúgbìn jáde. Kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àṣà àwọn Yorùbá ni pé a kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ń dúpẹ́ ní ọjọ́ tí a gba oore, ilẹ̀ ọjọ́ kejì a sì mọ́, a tún lọ kí ẹni náà pé, Ẹ ṣé àná o. Ọpẹ́ ọjọ́ kejì yìí ni ó wúwo jù, nítorí adùn ti tán lẹ́nu kí a tó dú u, ìrántí nìkan ni ó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn lọ síbẹ̀. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé ọkọ́ rẹ̀, kí ó gbẹ́ ihò wò bóyá ọ̀rinrin ti jìnnà tó, kí ó sì gbin apá kan.